Ọkùnrin Tí Mi Ò Lè Pa Lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè olóòtú náà kò gùn. Ó ní òun fẹ́ràn ìtàn mi, ó ní òun fẹ́ gbé e jáde nínú ìwé ìtàn tí wọ́n ń tẹ̀ lókè òkun, ó wá béèrè pé ọkùnrin inú ìtàn yìí, ṣé ó kú ni àbí kò kú? Ó ní kí n sọ ọ́ lójú ewé àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà rú òǹkàwé lójú. Ọjọ́ Ajé ni. Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì.

Yàrá àwọn tíṣà ni mo wà nígbà tí í-meèlì náà wọlé sórí fóònù mi, níléèwé girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìjànìkìn. Mo kà á tán, mo dìde. Mo jókòó, mo tún dìde. Tíṣà ìṣirò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé ṣé èèrà ló wọ aṣọ mi ni. Mo ní rárá. Mo jáde lọ sábẹ́ igi àgbọn tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ibi tí a máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má dúró sí nítorí èso tó ń já bọ́, mo sì tún ìbéèrè náà kà níbẹ̀. Ẹni tó ń béèrè kò mọ̀ pé ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ béèrè nílé wa ni òun fi tẹ̀rín-tọ̀yàyà béèrè yẹn.

Inú bí mi. Kí n má parọ́, ìbínú ló kọ́kọ́ dé, kì í ṣe ìbànújẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò gba ìtàn mi. Mo ti fi ránṣẹ́ síbí, mo ti fi ránṣẹ́ sọ́hùn-ún, àwọn kan ní àwọn dúpẹ́, àwọn kan kò tilẹ̀ fèsì. Ẹni tó wá gbà á níkẹyìn ló tún wá gbé ẹrù kalẹ̀ níwájú mi yìí.

Ọkùnrin inú ìtàn náà, àbúrò màmá mi ni. Ìdílé Ègùn ni wọ́n, ní Àjídò, létí ọ̀sà. Púpọ̀ nínú àwọn apẹja ibẹ̀ kì í kọjá ọ̀sà, ṣùgbọ́n òkun ni òun fẹ́ràn. Ó máa ń sọ pé àgbàlá ilé ni ọ̀sà jẹ́, ta ló ń pẹja yó nínú àgbàlá ilé ara rẹ̀? Ó ga, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sì sí ẹni tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, títí kan àlùfáà. Èmi ni ó ń pè ní òyìnbó etí ọ̀sà nítorí ìwé tí kì í kúrò lọ́wọ́ mi láti kékeré. Bó bá ti òkun dé, á béèrè pé kí ni àwọn èèyàn mi sọ lónìí. Àwọn òyìnbó inú ìwé ló ń pè ní èèyàn mi.

Lọ́dún tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sójú òkun lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ìgbì dojú ọkọ̀ náà dé. Àwọn apẹja mìíràn rí méjì nínú wọn tí wọ́n dì mọ́ kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n sì gbé wọn wálé. Àwọn méjì yìí ní àwọn wo ọ̀tún, àwọn wo òsì, àwọn kò rí i. Wọn ò sọ pé ó rì. Wọ́n ní àwọn kò rí i. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ilé wa jókòó lé títí dòní.

Nílé tiwa, a kì í ṣọ̀fọ̀ ẹni tí omi gbé lọ bí a kò bá rí òkú rẹ̀. Ó nídìí. Nígbà tí ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ṣì jẹ́ ọmọge, ará ilé wọn kan lọ sókun tí kò dé. Wọ́n sunkún rẹ̀, wọ́n fá irun ìyàwó rẹ̀, wọ́n pín aṣọ rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé láti ìhà Gánà tí omi gbé e lọ. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n kò tún gbádùn mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kú ikú gidi. Wọ́n ní ẹkún tí wọ́n ti sun sílẹ̀ ló pa á. Láti ìgbà náà ló ti di èèwọ̀ nínú ẹbí: bí o kò bá rí òkú, má pè é ní òkú. Ẹni tó wà lójú omi ni wọ́n ń pe àbúrò màmá mi. Àwọn aládùúgbò tó bá kọjá níwájú ìyá àgbà kì í kí i kú ọ̀fọ̀. 'Ẹ kú ojú lọ́nà' ni wọ́n ń kí i, òun náà á sì ṣe àmín. Ìyàwó ọkùnrin náà dúró títí, nígbà tó sú u ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ lódìkejì ibodè, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní opó.

Ẹ wá wo èmi tí òyìnbó ní kí n sọ ọ́ lójú ewé àkọ́kọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́, torí òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa irú wa, wọ́n á ní èdè kejì wa ni. Ní tèmi, ẹ̀kẹta ni. Ègùn ni mo fi mu ọmú. Yorùbá ni ti bàbá mi, ọmọ Èkìtì tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Àgbádárìgì, tí kò gbọ́ Ègùn títí di òní ju ìkíni àti orúkọ ẹja lọ. Gẹ̀ẹ́sì dé lẹ́yìn, níléèwé, tòun ti ẹgba. Ó dé bí àlejò tí wọ́n ní kí gbogbo ilé dìde fún.

Níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la mọ àròkọ kan sórí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló fi ń bẹ̀rẹ̀, oòrùn á máa ràn, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, àwọn ẹyẹ á máa kọrin. Olùkọ́ lè ní ká kọ̀wé nípa jàǹbá ọkọ̀, ó lè jẹ́ nípa olè, ó lè jẹ́ nípa ìsìnkú, àwọn ẹyẹ á ṣì máa kọrin. Èmi ni mo máa ń gba máàkì jù torí ẹyẹ tèmi pọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé a lè kọ̀wé nípa ẹja ṣawá tí ó ń jó lórí ààrò, tàbí nípa ìyá tó ń fi aṣọ nu ojú torí èéfín. A rò pé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ibẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo wà kí ìyẹn tó yí padà, kì í sì í ṣe inú kíláàsì ló ti yí padà. Nígbà ìsinmi, mo ń ṣe amọ̀nà fún àwọn àlejò tó ń wá wo àwọn ibi ìtàn ẹrú ní Àgbádárìgì. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún wọn, há-sórí ni, láti ẹnu amọ̀nà àgbà sí ẹnu amọ̀nà kékeré. A mọ ibi tí a ti ń rẹ ohùn sílẹ̀. A mọ ibi tí a ti ń dákẹ́ kí àlejò lè ráyè nu ojú. Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ kan, láìrò tẹ́lẹ̀, mo yà kúrò lójú ọ̀nà ọ̀rọ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí omi ibẹ̀ ṣe máa ń rùn bí òjò bá ṣú, àti ohun tí ọmọdé lè béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹrú lọ, bóyá oúnjẹ wà níbi tí wọ́n ń lọ, bóyá ajá wọn á dá ọ̀nà ilé mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi kán síbí, ó kán sọ́hùn-ún. Obìnrin arúgbó kan láàárín àwọn àlejò dì mí lọ́wọ́ mú, kò fẹ́ jẹ́ kí n lọ. Wọ́n bá mi wí níbi iṣẹ́ pé mo yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo ti mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ tèmi.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn. Mi ò lè jókòó kọ ọ́. Mò ń kọ ọ́ lórí ìdúró ní kíṣíìnì, mò ń kọ ọ́ nínú ọkọ̀, mò ń rìn yíká yàrá, mo fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀. Olùkọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kà nínú rẹ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi kò burú, ṣùgbọ́n pé mo máa ń yí ọ̀rọ̀ po bí ẹni tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé. Ó ní ẹni tó bá jalè, sọ pé ó jalè. Ẹni tó bá kú, sọ pé ó kú, kó o sì máa bá tìẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ilé tí a ti tọ́ mi, a kì í sọ nǹkan tààrà. Bí ọbẹ̀ kò bá dùn, wọ́n á ní ọwọ́ ìyàwó rọ lónìí. Bí ẹnì kan bá kú lọ́nà jíjìn, wọ́n á ránṣẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá díẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ kíá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì mo di ẹlòmíràn. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń la igi. Mo sì ń pa ènìyàn: mo pa ọba, mo pa ọlọ́pàá, mo pa ìyá ọkọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dí mi lọ́wọ́ oúnjẹ. Mo rò pé mo ti gbọ́n ni. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé mi ò ní ẹbí kankan nínú Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò sẹ́ni tó fi èdè náà rẹ̀ mí lẹ́kún rí, kò sẹ́ni tó fi í sunkún níwájú mi. Èèyàn lè pa ẹni tó bá wù ú níbi tí wọn kò ti mọ ilé bàbá rẹ̀.

Ìtàn àbúrò màmá mi ló dá mi dúró. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, gbogbo yẹ̀yẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń pe ìgbì bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Mo kọ òwúrọ̀ tó lọ. Mo wá dúró síbẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àfi ìgbà tí olóòtú béèrè.

Mo gbìyànjú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo kọ pé ó sọnù, mo fi ránṣẹ́. Olóòtú fèsì kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀: ó dára, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n padà rí i? Mo kọ pé kò tíì dé. Ó ní ìyẹn jọ pé mò ń bá òǹkàwé ṣe bojúbojú. Ó wá fi sùúrù kan tó ń bí mi nínú sọ pé ó jọ pé ìtàn yìí fẹ́ sunkún, èmi ni mi ò jẹ́ kó sun ún. Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fọ abọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo jáde lọ ra ìyọ̀, mo dé ibẹ̀, mo ra ọṣẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ Rú mo tẹ gbólóhùn náà gan-an sórí kọ̀ǹpútà. Kúkúrú ni, ọmọ kíláàsì mi tó kéré jù lè kọ ọ́. Mo wò ó. Mo pa á rẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á rẹ́. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lédè yìí láti àárọ̀ dọ́sàn-án.

Mo pe bàbá mi. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti padà sí Èkìtì. Màmá mi kò bá wọn lọ, wọ́n ní àwọn kò lè gbé ibi tí kò sí omi, Àjídò ni wọ́n padà sí, àwọn méjèèjì sì ń bára wọn jà dáadáa lórí fóònù.

Mo ní, 'Bàámi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn,' mo sì ṣàlàyé fún wọn.

Wọ́n ní, 'Àwa ní tiwa, a máa ń sọ pé ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá rẹ lọ́dún yẹn. Ṣé o rántí ohun tó ṣẹlẹ̀?'

'Mo rántí, sà. Wọn ò bá yín sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yí.'

'Ẹ̀n-ẹ́n. Nítorí náà, èmi ò sí níbẹ̀ o. Lọ bá àwọn tó ni ọmọ.'

Lọ́jọ́bọ̀, mo tọrọ àyè níléèwé, mo wọ ọkọ̀, mo tún gun ọ̀kadà lọ sí Àjídò. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń ronú ohun tí màá sọ àti ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn, mo sì ti bá màmá mi jà tán nínú ọkàn mi kí n tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ìdí ààrò ni mo bá wọn. Wọ́n ń yan ṣawá, èéfín bo gbogbo ẹ̀yìn ilé. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi níwájú, wọ́n ń já èèpo àgbọn tí wọ́n fi ń dáná. Mo kí wọn, mo kọjá sẹ́yìn. Ègùn la jọ sọ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá níbí.

Màmá mi ní, 'Kí ló gbé ọ wá lọ́jọ́ iṣẹ́? Ṣé wọ́n lé ọ ni?'

'Wọn ò lé mi, mà. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ni.'

Mo sọ ọ́ fún wọn tán. Wọ́n ń yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá mi ka ìwé mẹ́fà, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sọ ọ́. Gbogbo ìtàn tí mo bá kọ ni mo máa ń fi hàn wọ́n, àfi èyí.

Wọ́n bi mí pé, 'Gbólóhùn wo ni ó ní kí o kọ?'

'Pé wọ́n kú, mà.'

'Ta ló rí i?'

'Kò sẹ́ni tó rí wọn.'

'Ìwọ rí i?'

'Mi ò rí wọn, mà.'

'Òyìnbó yẹn ńkọ́?'

'Kò rí wọn.'

'Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i lẹ wá fẹ́ para pọ̀ pa á.'

Mo ní, 'Màámi, ìtàn ni. Ìwé lásán ni. Àwọn tó máa kà á ò tiẹ̀ mọ ibi tí Àjídò wà.'

Wọ́n gbójú sókè wò mí. 'Bó bá jẹ́ ìwé lásán, kí ló dé tí o kò tíì kọ ọ́?'

Mo rìn lọ sí etí omi, mo padà. Mo tún lọ. Mo ń bínú sí wọn, mo ń bínú sí olóòtú, mo sì ń bínú sí ọkùnrin náà pẹ̀lú, tó jẹ́ pé ọ̀sà kò tó o. Ó ṣe mí bíi pé kí n kàn ju ìtàn náà nù, kí n lọ kọ ti ọba tàbí ti ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo tíì kọ rí tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn. Bí mi ò bá lè parí rẹ̀, mi ò rí ohun tí mo tún ń bá Gẹ̀ẹ́sì wá kiri.

Ìyá àgbà ló pè mí. 'Ovi ṣie,' bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ègùn ń pe ọmọ wọn. 'Wá síbí. Kí ni ẹ̀ ń jà sí?'

'Ìwé kan ni, mà.'

'Ìwé wo ló ń mú kí o máa rìn lọ rìn bọ̀ bí adìẹ tó fẹ́ yé?'

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń já èèpo àgbọn lọ, wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, 'Ṣé ti ọmọ mi ni?'

Mo ní òun ni.

'Sọ ọ́ fún mi.'

Mo sọ ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́, láìfo nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibi àgbàlá ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wú ikọ́. Nígbà tí mo dé ibi àlùfáà, wọ́n ní irọ́ ni, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ dé òwúrọ̀ tó wa ọkọ̀ lọ, mo dákẹ́.

Wọ́n ní, 'Kí ló kù?'

'Ó parí síbẹ̀, mà.'

'Kò parí síbẹ̀.'

Wọ́n gbé èèpo àgbọn náà kalẹ̀. Wọ́n ní, 'Kí ni wọ́n ní kí o fi parí rẹ̀?'

Mo la ẹnu. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà lédè Ègùn, ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n. Kò jáde. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, omi ló bọ́ lójú mi tí mi ò retí.

'O kò lè sọ ọ́,' wọ́n ní.

'Mi ò lè sọ ọ́, mà.'

'Èmi náà ò lè sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú. Bí ilé bá dá, tí màmá rẹ bá lọ sọ́jà, mo máa ń la ẹnu báyìí. Ọ̀rọ̀ náà á kàn jókòó síbẹ̀.' Wọ́n wo apá ibi tí èéfín wà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. 'Sọ ọ́ fún mi lédè òyìnbó.'

'Ẹ ò ní gbọ́ ọ, mà.'

'Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí o sọ ọ́ nìyẹn.'

Mo sọ ọ́. Gbólóhùn náà tí mo tẹ̀ tí mo sì pa rẹ́ ni, òun náà sì ni mo fi ránṣẹ́ sí olóòtú lọ́jọ́ kejì, tó wà nínú ìtàn náà títí dòní. Ó ní àbúrò màmá mi kú sínú òkun, ó sì parí. Lẹ́nu mi níbẹ̀, lábẹ́ igi yẹn, kò jọ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń pa ọba. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ èdè náà nínú ilé wa, tó sì jẹ́ pé nípa wa ló ń sọ.

Ìyá àgbà di ojú. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní kí n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn lè tẹ̀ lé mi.

Mo sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n tẹ̀ lé e. Mo sọ ìkejì, wọ́n tẹ̀ lé e, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń tẹ̀ lé mi ní àárọ̀. Ahọ́n wọn kọsẹ̀, wọ́n padà, wọ́n tún un mú. Nígbà tí a dé òpin, wọ́n ní kí n dákẹ́, kí àwọn dá a sọ. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n sì dá a sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ketekete, sókè, nínú èdè tí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, pé ọmọ àwọn ti kú.

Mo gbọ́ ìró nǹkan lẹ́yìn wa. Màmá mi ló dúró níbẹ̀, àtẹ ẹja lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò yé wọn.

Wọ́n ní, 'Ìyá mi, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ yẹn?'

Ìyá àgbà kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, 'Èmi ni mo bí i. Ìwọ ni mò ń dúró dè kí a tó sunkún rẹ̀.'

Màmá mi gbé àtẹ náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹja kan já bọ́. Wọ́n jókòó sórí iyanrìn, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sì tú gèlè orí wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àbúrò wọn. Wọn ò pè é bí a ṣe ń pe ẹni tí a fẹ́ kó dáhùn.